Ọ̀pá Tí Mo Gé Lójú Gbogbo Wọn

Bantè, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀

Àkànjí, ọmọ mi àtàtà,

Ara wa le, iṣu ti ń wọlé, ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ sì ti bí ìbejì. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, torí mo mọ̀ pé bí o bá rí bí ìwé yìí ṣe nípọn, wàá rò pé ẹnìkan ti kú. Ẹnikẹ́ni kò kú. Bàbá rẹ ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sì fẹ́ sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ ọjà. Ìwọ ọmọ yìí, èdè Faransé lo fi kọ̀wé sí bàbá rẹ! Ṣé o ti gbàgbé pé Yorùbá tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ará Nàìjíríà tó ń ta kẹrosíìnì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kà? Mo ní láti gbé e lọ fún olùkọ́ ilé-ìwé wa. Ó kà á sókè lábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo agboolé sì gbọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ mọ́ pé ilé iṣẹ́ káfíńtà rẹ ní Savalou ti kúrò ní ẹni mẹ́rin, ó ti di ẹni mọ́kàndínlógún. Pé àwọn ilé-ìwé káàkiri ń wá bẹ́ǹṣì wá sọ́dọ̀ yín. Pé o fẹ́ kọ́ bíró tó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ sí ìkángun ṣọ́ọ̀bù. Àti pé o fẹ́ kí n fi àga ìrókò ńlá mi ránṣẹ́, kí o lè máa jókòó sórí rẹ̀ nínú bíró náà. Ìyá rẹ dìde, ó jó. Èmi náà yọ̀, ọmọ mi. Ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú ti di ọ̀gá ènìyàn mọ́kàndínlógún. Inú mi dùn débi pé mo ra ọtí fún olùkọ́, ìwọ náà sì mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í sábà yá síbi ọtí rírà.

Ṣùgbọ́n o tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ti yan ọ̀gá kejì, pé alábòójútó méjì ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀, àti pé láti ìsinsìnyí lọ, òṣìṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ wá bá ọ ní tààrà mọ́. O wá fi òwe dè é lórí: "Àìfàgbà fún ẹnìkan ni kò jẹ́ kí ayé gún." Nígbà tí olùkọ́ kà á débẹ̀, mo ní kó tún un kà. Ìyá rẹ wò mí, èmi náà wò ó. Àwa méjèèjì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, láti ẹnu èmi gan-an, kí a tó bí ọ.

Mo lè má kọ̀wé síbẹ̀síbẹ̀. Ọmọ kì í fẹ́ kí bàbá máa tẹ̀ lé òun dé ibi iṣẹ́. Kòfí ló jẹ́ kí n wá bébà.

Ní Ọjọ́bọ̀, Kòfí yà sọ́dọ̀ wa nígbà tó ń lọ wá pákó ní Agoua. Ìyá rẹ gún iyán, Kòfí jẹun dáadáa, ó bá ìyá rẹ ṣeré pé iyán àwọn Mahi ní Savalou funfun ju tiwa lọ, ìyá rẹ sì fi ọmọ odó lé e. Mo béèrè rẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Pàtírọ̀ wà dáadáa, Bàbá."

Pàtírọ̀! Bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe ọ̀gá wọn ni Kòfí ṣe ń pè ọ́. Kòfí tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayùn kan ṣoṣo, tí òun di apá kan mú, tí ìwọ di apá kejì. Nígbà tó ń fọwọ́, ó wá bi mí, ojú rẹ̀ nílẹ̀, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin àti Bàbá Adéòtí ò nílò ọwọ́ kan sí i níbí?"

Mo ní, "Ọwọ́ ta ni?"

Ó ní, "Tèmi ni."

Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Kò sí ìjà, Bàbá. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ bá Àkànjí sọ̀rọ̀, kí n gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá kejì. Mo ti gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò tíì rí i."

Mo bi í ní ohun tó fẹ́ bá ọ sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ẹni tó ni iṣẹ́ ló yẹ kó gbọ́ ọ. Mo tọrọ ààyè láti sọ fún ọ pé ó wá, ó sì fún mi. Ó ní, "Bóyá láti ẹnu yín á dé etí rẹ̀. Bí a bá parí àwọn bẹ́ǹṣì tó wà nílẹ̀ yìí, mo máa lọ." Bí o ṣe ń ka ìwé yìí, Àkànjí, Kòfí ti ń ka ọjọ́. Bẹ́ǹṣì tó kù nílẹ̀ nìkan ló so ó mọ́ ọ.

Nítorí náà, jókòó. Má jókòó sórí àga ńlá o. Jókòó sórí pákó, kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí.

Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, mo ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí ìyá rẹ ń sá àgbàdo sí báyìí. Àwa mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ wá pọ̀ sí i, mo gba ènìyàn láti Pira, láti Lougba, láti Agoua, títí mo fi ní ènìyàn mọ́kànlá lábẹ́ mi. "Lábẹ́ mi": bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo fi ìrókò kan àga, àga tí o ń béèrè yẹn gan-an, mo gbé e sórí pèpéle amọ̀ kí n lè máa rí gbogbo wọn láti òkè. Kálukú wọn ló ní ọ̀pá ìwọ̀n tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí gbogbo káfíńtà ṣe ń ní i. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo tì í sínú àpótí. Mo fi igi àyán gbẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo, mo fín ìlà sí i lára, mo ní òun ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù yóò máa fi wọn nǹkan. Mo sọ fún wọn pé, "Ìwọ̀n kan, ọ̀gá kan." Ó dùn lẹ́nu mi bí oyin.

Adéòtí wà lára wọn, Adéòtí kan náà tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ayùn. Ẹ̀bá igbó Agoua ni wọ́n bí i sí. Ó lè gbóòórùn pákó kó sọ fún ọ ìgbà tí wọ́n gé igi rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lójú oníbàárà, ó ní, "Ọ̀gá, pákó yìí ò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ lójú àlejò, ìyẹn sì ta mí lára ju pákó tútù lọ. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Mo ní kó máa gbá èérún igi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọkùnrin tó ti ní ìyàwó àti ọmọ! Ó gbá a. Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù mi dákẹ́ rọ́rọ́. Mo sì rò pé ọ̀wọ̀ ni, mo ń fi ìdákẹ́ náà yangàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn ilé-ìwé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Pira. Èmi fúnra mi fi ọ̀pá àyán wọn férémù, àwọn bíríkìlà mọ ọ́n sínú ògiri, ó dúró bí òkè. A padà sí Bantè láti wá gé ilẹ̀kùn. Òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ ni. A ti dáná sábẹ́ ìkòkò tí a fi ń yọ́ oje tí a fi ń lẹ igi. Èmi dúró níbẹ̀, mò ń bá ẹnìkan jà lórí ìṣó mélòó kan, mo sì fi ọ̀pá àyán náà ti ẹ̀gbẹ́ iná láìwò ó. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ẹnu ọ̀pá ti jóná. Ojú tì mí. Dípò kí n sọ pé mo ṣe àṣìṣe, mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé ibi tó jóná kúrò, mo fi ìfági fá a títí ó fi ń dán, mo gbé e fún wọn padà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ènìyàn mọ́kànlá ń wò mí. Kò sẹ́ni tó la ẹnu.

Ọ̀pá yẹn ni wọ́n fi wọn gbogbo ilẹ̀kùn. Inú mi ń dùn pé iṣẹ́ ń yára.

Ọjọ́ tí a kó wọn dé Pira, àwọn àgbà ìlú jókòó, fadá wà níbẹ̀. A gbé ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ kọ́, mo tì í pa tìgbéraga-tìgbéraga. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ó tó ìka mẹ́ta. Bí mo ṣe ń wò ó, alángbá kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn náà wọlé, ó dúró, ó ń mi orí sí mi bí ẹni tó ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Àkànjí, àwọn ará Pira rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. A gbé èkejì, a gbé ẹ̀kẹta. Bákan náà ni gbogbo wọn. Mo yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ mi, mo ní, "Ṣé ẹ rí i nígbà tí mo gé ọ̀pá?"

Adéòtí ló dáhùn. "A rí i, ọ̀gá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó ní, "Ta ni ká sọ fún?"

Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó bi mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni. Mi ò rí èsì fún un títí ọdún fi yí po.

A tún gbogbo ilẹ̀kùn náà ṣe. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Alángbá láti Pira dé Bantè. Mo sọ fún ọ nígbà kékeré rẹ pé nítorí mo mọ òrùlé gùn ni. Irọ́ ni. Dárí jì mí. Adéòtí ló kọ́kọ́ lọ, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìkíni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀, ó ku èmi àti àga ìrókò.

Ìyá rẹ ló gbà mí. Ó kó mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Lougba, ó ní bí igi bá kọ̀ mí, kí n lọ kọ ebè. Wọ́n mú mi wọ àáró. O mọ àáró, o ti bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n bóyá o ò fojú inú wò ó rí. Ọkùnrin mẹ́wàá. Lónìí, gbogbo wa ń kọ ebè lóko Tìjánì, Tìjánì ló ń sọ ibi tí òun fẹ́ kí poro gbà. Lọ́la, oko èmi ni, Tìjánì a sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ oòrùn bí àwa yòókù. Ẹni tó bá rí i pé ilẹ̀ ibì kan le, yóò pariwo kí a gba ibòmíràn. Ẹni tó bá rẹ̀ yóò sọ, ẹnìkejì yóò sì mú un mọ́ poro tirẹ̀. Oko tí ìbá gbà mí ní oṣù kan, ọjọ́ kan ni a fi ṣe é, mi ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jágbe mọ́ ẹnìkan. Mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, mo ní, "Ta ni ọ̀gá yín gan-an?" Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Àna mi, nínú àáró, ebè ni ọ̀gá."

Gbólóhùn yẹn ló wò mí sàn. Mo gbé kẹ̀kẹ́, mo gba ọ̀nà amọ̀ lọ sí Agoua, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún Adéòtí, ẹni tí mo fi ọdún méje jù. Ó sáré fà mí dìde, ó ń pariwo pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun. Mo ní, "O bi mí ní ìbéèrè ní Pira. Èmi ni kí ẹ sọ fún. Láti òní lọ, èmi ni." A bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹni márùn-ún, bí àáró. Ṣọ́ọ̀bù kejì yìí ni ìwọ bá láyé. Ẹ̀rín tí o ń gbọ́ níbẹ̀ nígbà èwe rẹ, òun ni mo gbà dípò ìdákẹ́ rọ́rọ́ yẹn, mi ò sì jẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ láé.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Mo ti gbìyànjú láti to ó, ṣùgbọ́n bí ó bá dàrú, tò ó fúnra rẹ.

Èkíní. Má ṣe fi ẹnu púpọ̀ sáàárín etí rẹ àti igi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí pákó ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé pákó ti là. Bí ó bá ní láti sọ fún alábòójútó, kí alábòójútó sọ fún ọ̀gá kejì, kí ọ̀gá kejì wá kan ilẹ̀kùn bíró rẹ, pákó á ti di bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì á ti dé ilé-ìwé, ọmọ ọlọ́mọ á sì ti jókòó lé e, á ti ṣubú. Ẹnu kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ gbà kọjá ló ń yọ díẹ̀ níbi tó korò kúrò, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kíkorò lọ síwájú ọ̀gá. Ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ ni ìkíni.

Èkejì. O máa sọ pé, "Bàbá, ẹni mẹ́rin yàtọ̀ sí ẹni mọ́kàndínlógún." Òótọ́ ni. Ènìyàn mọ́kàndínlógún kò lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹ bá fẹ́ di ọjà. Pín wọn, ṣùgbọ́n má tò wọ́n lórí ara wọn bí ìkòkò. Kí ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ gba iṣẹ́ kan, láti pákó tútù títí dé ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e fún oníbàárà. Kí àwọn fúnra wọn yan ẹni tí yóò ṣáájú fún iṣẹ́ yẹn. Bí iṣẹ́ bá yí, kí aṣáájú yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó mọ àga ṣe yóò ṣáájú níbi àga. Ẹni tó mọ òrùlé yóò ṣáájú níbi òrùlé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó ṣáájú lónìí tó sì tún mọ̀ pé òun máa tẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́la, kì í fi ẹnu gún ènìyàn.

Ìyá rẹ ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀wà ló ń ṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó sì ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tòun sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí òun ṣe sọ ọ́: "Sọ fún ọkọ mi pé nígbà tí bàbá rẹ̀ ń jókòó sórí àga yẹn, oúnjẹ tí mo bá gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù máa ń tutù, torí kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ebi ń pa àwọn." Mo ti kọ ọ́, ìyá Àkànjí. Ó tún fẹ́ fi kún un. Mo ní bébà ń tán.

Ẹ̀kẹta. Ẹ ní ìjókòó kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ Sátidé dára. Ẹ jókòó yípo, kí kálukú sọ ohun tó rí nínú ọ̀sẹ̀: ohun tó bàjẹ́, ohun tó dára, ohun tí òun ìbá ṣe tó bá jẹ́ òun. Ìwọ ni kí o sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó máa ṣòro fún ọ, torí ọmọ mi ni ọ́, ẹnu sì máa ń yún wa nílé yìí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni". Jẹ́ kí ẹni tó wọṣẹ́ kẹ́yìn kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ojú àlejò rẹ̀ ṣì ń rí ohun tí ojú yín ti mọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Kí n má gbàgbé o: má béèrè ìmọ̀ràn bí o bá ti gé pákó tán. Mo ṣe ìyẹn náà rí. Mo pe wọn jọ, mo ní kí wọ́n sọ èrò wọn, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣèlérí fún oníbàárà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Adéòtí wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá ti jẹun, ẹ má pè wá síbi oúnjẹ." Kí o má bi wọ́n rárá sàn ju kí o fi wọ́n ṣeré lọ.

Ẹ̀kẹrin ni, àbí ẹ̀karùn-ún? Òwe rẹ. Àìfàgbà fún ẹnìkan ni kò jẹ́ kí ayé gún. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ wà. Bí iná bá ń jó ṣọ́ọ̀bù, a kì í jókòó yípo. Bí ènìyàn méjì bá ń fa ọ̀rọ̀ tí kò yanjú, ẹnìkan ní láti gé e. Bí ẹnìkan bá ya ọ̀lẹ tàbí olè, ìwọ ni wọ́n máa wò. Ṣùgbọ́n wo ohun tí àgbà wà fún. Bí oníbàárà bá bínú dé, ìwọ ni kí o lọ síwájú, kí o má nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń yìn iṣẹ́, bọ́ sẹ́yìn, fa ẹni tó ṣe é síwájú, kí ó gbọ́ ìyìn náà fúnra rẹ̀. Àwa máa ń jẹ́ kí kálukú fi irin gbígbóná tẹ àmì tirẹ̀ sábẹ́ ohun tó bá ṣe. Ìwọ kò mọ bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń di rere bí ó bá mọ̀ pé orúkọ òun ni wọ́n máa jókòó lé. Wá igi fún wọn, kọ́ wọn ní ohun tí o mọ̀, yanjú ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Ipò àgbà nìyẹn. Ìyókù, ariwo ni.

Mi ò ní tàn ọ́: ó máa falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo ti Agoua dé, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo máa béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á máa wo ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ẹnìkan wá sọ pé ọ̀nà tí mo ń gbà kan ìṣó ń la igi. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo gbé ìbínú náà mì, mo ní, "Fi hàn mí." Ó fi hàn mí, ó sì tọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu wọn kò dákẹ́ mọ́ títí dòní. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Pira gan-an, àwọn ọlọ́rọ̀ alángbá, ni wọ́n tún pè wá láti ṣe àga ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ti lè sọ fún wọn pé "igi yìí kò dára" láìwo ojú ẹnìkan.

Mo wà ní ìtẹ́lọ́rùn, Àkànjí. Mo ti dàgbà, iṣu wà ní àká, mò ń bá Adéòtí ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó sì ń bú mi bí ó ṣe wù ú. Lánàá ó ní ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, pé kí n má wọn nǹkan kan mọ́. Mo ti gbé ìwọ̀n fún un. Bàbá mélòó ló ní ẹni tó lè sọ òótọ́ fún un ní ọjọ́ ogbó? Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo ń fẹ́: kí o má dá nìkan wà pẹ̀lú àga.

Nítorí náà, mi ò lè fi àga ìrókò ránṣẹ́ sí ọ. Kò sí mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí Kòfí ti lọ, èmi àti Adéòtí tú u. A fi pákó rẹ̀ ṣe bẹ́ǹṣì kan, ó sì gba ènìyàn mẹ́ta dáadáa, mẹ́rin bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Kámíọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Savalou máa gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ ní ọ̀la. A ò tíì kan án pọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ìjókòó rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹnìkan kò lè dá a tò. Ẹnìkan ní láti dì í mú, kí ẹnìkejì fi òòlù gbá a wọlé. Mo mọ ẹni tí mo rò nígbà tí mo ń gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wàá rí ọ̀pá àyán kan tí a dì mọ́ ọn. Òun nìyẹn. Mo ti tọ́jú rẹ̀ sórí àjà láti ọjọ́ Pira, ìyá rẹ nìkan ló mọ̀. Di ẹnu rẹ̀ tí mo gé mú, wàá rí i pé ó ṣì ń dán. Mo fá a dáadáa. Ní ọjọ́ Sátidé, pe gbogbo wọn jọ, àwọn mọ́kàndínlógún. Gbé ọ̀pá náà sí wọn lọ́wọ́, sọ ìtàn ilẹ̀kùn Pira fún wọn, kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹ̀rín bá tán, bi wọ́n pé, "Kí ni èmi náà ti gé, tí gbogbo yín rí?"

Kòfí ni kí o kọ́kọ́ bi. Lẹ́yìn náà, ọmọ mi, dákẹ́, kí o sì dúró dè é títí yóò fi sọ̀rọ̀.

Èmi bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Alángbá Pira